Kẹ̀kẹ́ ojú títì olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí, Peckham ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi sì wà lẹ́bàá London Bridge. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ga tó mítà 1.63, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sáré ìje rí. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi wo kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì 343 ló ń gbé mi lọ tẹ́lẹ̀, òun náà ló ń gbé mi bọ̀, £1.75 ní àlọ, £1.75 ní àbọ̀. Owó ọkọ̀ yẹn kọ́ ló lé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ òru ni. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ dúró láti alẹ́ mọ́jú, tó wá bá bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ fún ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀, á mọ ohun tí mò ń wí.

Ilé ìtajà ràgàjì kan tó ń ta ohun eré ìdárayá ní owó pọ́ọ́kú ni mo ti rà á. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹnu mi ò ní dùn sí wọn látòkè délẹ̀, irú wọn sì pọ̀ nílùú ọba. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ta, àwọn fúnra wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é, orúkọ tiwọn ló wà lára rẹ̀, kò sí alágbàtà láàárín. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ £429, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ládùúgbò mi ń fi kẹ̀kẹ́ tó jọ ọ́ hàn mí ní £750. Ṣùgbọ́n ọmọ oníṣòwò ni mí. Màmá mi ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé ọjà tó bá pọ́ọ́kú, ibì kan ni wọ́n ti yọ owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń wá látìgbà tí mo ti rà á.

Wọn ò yọ ọ́ lára férémù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ojú títì ni àwọn tí táyà wọn tín-ín-rín, tí ọwọ́ wọn tẹ̀ kọrọdọ bí ìwo àgbò. Èyí tí mo rà, alumíníọ̀mù ni férémù rẹ̀, kábọ́ọ̀nù sì ni apá méjèèjì tó di táyà iwájú mú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 11. Bàbá mi àgbà ní Raleigh, èyí tí wọ́n ṣe ní Nottingham, irin gidi, tó ní dáínámò àti kárià tí wọ́n máa ń di iṣu mọ́. Ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e sórí ọkọ̀. Tèmi yìí, èmi nìkan ni mò ń gbé e gòkè dé àjà kẹta nígbà tí líìfùtì ilé wa bá bàjẹ́, èyí tó jẹ́ ìgbà gbogbo. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé férémù náà ní ìdánilójú títí láé. Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé ihò tí wọ́n máa ń fi de mọ́dúgáàdì àti kárià wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ojú títì tó wọ́n jù ú lọ ni kò ní ihò wọ̀nyẹn, torí àwọn tó ń sáré ìje ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò London kò gbọ́dọ̀ fojú fo èyí.

Wàhálà mi àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ló fà á. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn, ọmọ tí mo lè bí, ní S ti tán, M á bá mi mu, wọn á kàn rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Mo gun M náà yí inú ṣọ́ọ̀bù ká. Ìjókòó ò ní wàhálà lóòótọ́. Ọwọ́ mi ló ń nà gbọọrọ kó tó kan bíréèkì, èjìká mi sì gbé sókè. Bí ìjókòó bá ga jù, ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí férémù bá gùn jù, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ lo owó mìíràn lọ. Mo ní mi ò gbà. Ó tún ní ẹ̀dínwó tó wà lórí M á parí lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kó parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, S dé láti ilé ìkẹ́rùsí wọn, iye kan náà ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó ṣẹ́kù lórí igbá kọ́ yín lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, mi ò tíì kúrò níwájú tábìlì wọn tí mo ti dúró síwájú kẹ̀kẹ́, mo fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú, mo sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ́ sí apá òsì. Mo tẹ bíréèkì: ti ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ń mú táyà iwájú nílẹ̀ yìí, ń rìn dé ìdí ọwọ́ kó tó mú nǹkan kan. Táyà ẹ̀yìn rọ̀. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà fún wọn, mo jókòó lórí àga kan, mo sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Aago tiẹ̀ wà lára rẹ̀, òfin ló ní kí kẹ̀kẹ́ tuntun ní aago kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Níbí ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti yọ owó: àkókò òṣìṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní £750 yẹn, ẹni tó ni ín ló ń to kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì máa ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀ ní òpópónà kó tó fà á lé yín lọ́wọ́.

Bíréèkì ni ibi kejì. Dísìkì ni, kì í ṣe rọ́bà tó ń há rímù, ìyẹn sì dára púpọ̀ nínú òjò, ṣùgbọ́n wáyà ló ń fà á, kì í ṣe epo. Páàdì tí wọ́n fi síbẹ̀, ìyẹn ohun tó ń há dísìkì náà, kò ní láárí. Fún àkókò díẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi ń ké débi pé àwọn tó ń rìn ní Rye Lane á yà fún mi kí n tó lu aago. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra èyí tó ní dísìkì, ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kò sí, ẹ sáré díẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì kan títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́ẹ̀ dúró, kí ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é bí ogún ìgbà fún iwájú, bí ogún ìgbà fún ẹ̀yìn. Ara páàdì gbọ́dọ̀ kun dísìkì díẹ̀díẹ̀ kó tó lè dì í mú dáadáa. Burgess Park ni mo ti ṣe tèmi. Ó dín igbe náà kù, kò pa á lẹ́nu mọ́. Páàdì tuntun tí mo ra ní £14 ló pa á lẹ́nu mọ́.

Jíà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Microshift ló ṣe é, àgbá eléyín méjì níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ á yínmú sí i, torí Shimano ni gbogbo ayé ń béèrè. Èmi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ìka kan ń gbé e sókè, ìka kejì ń sọ ọ́ kalẹ̀, àní nínú ìbọ̀wọ́ onírun-àgùntàn. Àgbá tó kéré jù níwájú ní eyín 34, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn náà ní 34, ìyẹn ni pé bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà náà á yí lẹ́ẹ̀kan, òkè Sydenham Hill á sì ṣeé gùn láì sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun mìíràn tí jíà mẹ́jọ fi dára ni pé ṣéènì rẹ̀ kò wọ́n. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tó ní mọ́kànlá tàbí méjìlá lẹ́yìn, ṣéènì rẹ̀ tín-ín-rín, owó rẹ̀ sì ga. Wáyà jíà tuntun máa ń tú díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Ẹ gbé e padà lọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń tún un fà ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́.

Táyà tí wọ́n fi ránṣẹ́ fẹ́lẹ́. Ìgò tó fọ́ ni gbogbo etí títì Peckham lówùúrọ̀ Àìkú, ẹni tó bá ti jí lọ ṣọ́ọ̀ṣì á jẹ́rìí mi. Nígbà tí ó jò lẹ́ẹ̀kejì, mo ra méjì tó ní awọ líle nínú, £56. Ẹ tún kíyè sí ẹnu tíúbù: ó tín-ín-rín, kò dà bíi ti mọ́tò, ẹ ní láti yí nọ́ọ̀tì kékeré orí rẹ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Páǹpù ilé epo kò ní bá a mu. Ìjókòó náà, mi ò mọ ẹni tí wọ́n rò pé ó máa jókòó lórí rẹ̀. Obìnrin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ wá èyí tó gbòòrò lẹ́yìn.

Nípa akoto. Irun mi, dídì ló máa ń wà, èyí tó gùn dé ẹ̀yìn. Gbogbo akoto tí mo kọ́kọ́ gbé dé orí jókòó sókè láìkan iwájú orí mi, èyí tí kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Èyí tó ní bọ́tìnì tó ń yí lẹ́yìn ni mo rà, mo sì ń di irun náà ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọrùn. Òfin kò fi dandan mú akoto fún oníkẹ̀kẹ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń wọlé sí ilé ìwòsàn wa.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Àgádágodo onírin tó ní àmì Sold Secure Gold, ti àwọn tó ń dán àgádágodo wò, £60. Iná, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, èyí tí òfin fi dandan mú lálẹ́, £30. Mọ́dúgáàdì £30, akoto £35, páǹpù £25. Ẹ fi táyà kún un, ìjókòó £30, àti páàdì. £429 ti di £709. Ìyẹn ni owó kẹ̀kẹ́ gan-an, £429 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nínú ṣọ́ọ̀bù kàn jẹ́ àsansílẹ̀ ni. Síbẹ̀, èyí tó jẹ́ £750 náà kò bá àgádágodo tàbí iná wá, nítorí náà mi ò kábàámọ̀.

Ẹni tó ń gba owó oṣù, kí ẹ béèrè ètò Cycle to Work lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ yín kí ẹ tó yọ káàdì. Wọ́n máa ń yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí ìjọba tó gba owó orí. Ẹni tó ń san owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àti National Insurance, owó mìíràn tí ìjọba ń yọ nínú owó oṣù, ìdá 8, ìdá 28 ló ń jèrè. Àgádágodo, akoto àti iná lè wọ inú rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní owó tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ni kò lè jàǹfààní rẹ̀, torí yíyọ owó náà kò gbọ́dọ̀ mú owó oṣù lọ sábẹ́ ìwọ̀n yẹn. Àwọn gan-an ló sì nílò rẹ̀ jù.

Màmá mi gbọ́ lórí fóònù. "Ṣé mọ́tò ti tán ní London ni?" Mo ní rárá, Mà. "Kí ni kí n wá wí fún àwọn ará ilé? Pé ọmọ mi nọ́ọ̀sì ń gun kẹ̀kẹ́ bíi ti bàbá àgbà rẹ̀?" Mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá ó ní kárià.

Ọ̀nà tí mò ń gbà ni ojú odò àtijọ́ tí wọ́n ti dí, Surrey Canal Walk, láti ẹ̀gbẹ́ Peckham Library títí dé Burgess Park. Kò sí mọ́tò níbẹ̀ rárá, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín, kí ẹ rọra. Lóru, mi ò kì í gba ibẹ̀, ojú títì tó ní iná ni mò ń bá lọ. Old Kent Road tí mọ́tò kún ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀mí wọn wọ́pọ̀.

Ta ni mo máa ní kó rà á? Ẹni tó ń gbé nítòsí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tó sì lè gbé e padà lọ láìsí wàhálà. Ẹni tí yóò rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn á gbé e wá nínú páálí kí ó tò ó fúnra rẹ̀, kó lọ bá oníṣọ́ọ̀bù kékeré. Àwọn £150 tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì àti ọṣẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àlòkù tó ti rí ọwọ́ èèyàn kan kò burú, bí ẹ bá lè yẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ férémù rẹ̀ wò lórí BikeRegister, àkọsílẹ̀ kẹ̀kẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé wọn ò jí i.

Bí ẹ bá sì ti rà á, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ti gba ọjọ́ tí wọn á tún wáyà fà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta máa ń tètè kún. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èmi máa ń mú, mo máa ń ti ibi iṣẹ́ gùn ún lọ tààrà.