Kímò inú ikùn ní Yábàá: ọwọ́ nọ́ọ̀sì dára, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ti ìka fún wa

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábàá ni màmá mi ti gba kímò inú ikùn, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń dà sínú ikùn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Wọ́n fi pọ́ọ̀tù kékeré kan sí abẹ́ awọ, nítòsí egungun ìhà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wọ inú ikùn lọ. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń gbà da oògùn cisplatin àti omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, tó bíi lítà 2, kí ó tó máa yí màmá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní ìṣẹ́jú 15-15 kí oògùn lè kárí. Mo gbóríyìn fún ọmọbìnrin náà, nítorí kò kánjú rárá, ó sì ń dín omi kù nígbàkígbà tí ikùn bá le jù.

Ikùn wíwú, inú rírun àti èébì, gbogbo rẹ̀ ni dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fa omi sí màmá lára dáadáa kí cisplatin má baà ba kíndìnrín jẹ́. Ti ìka ni ẹnikẹ́ni kò sọ. Léèsì ni màmá ń tà ní Balógun, ìka ni wọ́n sì fi ń mọ ọjà. Lẹ́yìn kímò kẹta, wọ́n di etí léèsì kan mú, wọ́n rá a láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n tún un rá, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ti Switzerland nìyí ni, àbí ti Ṣáínà?" Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo sọ fún dókítà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé cisplatin àti paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn tí màmá ń gbà pọ̀ mọ́ ọn, máa ń pa iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára, bíi ti ìka. Nínú ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006, ìdajì àwọn tí wọ́n yàn fún ọ̀nà ikùn lò ju oṣù 65 lọ láyé, nígbà tí ó jẹ́ oṣù 49 àti díẹ̀ fún àwọn tí ó gba gbogbo rẹ̀ lójú iṣan ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ìpín 42 péré nínú 100 àwọn tí wọ́n yàn fún ọ̀nà ikùn ni ó parí ìgbà 6 tí ó yẹ kí wọ́n gbà á níbẹ̀. Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún un. Ẹjọ́ tí mo bá ilé ìwòsàn náà ní ni pé ó yẹ kí wọ́n bi màmá ní iṣẹ́ tí màmá ń ṣe kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ìka màmá wò kí wọ́n tó fún màmá ní èyí tí ó kàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni màmá gbà á nínú ikùn. Ìyókù gba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá wọn jókòó ní ìsọ̀ báyìí, tí ó ń bá wọn fọwọ́ kan aṣọ.