Wọ́n Ní Kí Ọmọ Ṣì Dúró: Lẹ́tà Ni, Àbí Early Decision II?

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó tètè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lè gbọ́ ní oṣù Kejìlá pé yunifásítì kò gbà á, kò sì kọ̀ ọ́: ó di nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta kó tó gbọ́ èsì gan-an.

Ó lè kọ lẹ́tà kúkúrú pé ibẹ̀ ṣì ni ọkàn òun wà, kó fi máàkì tuntun tì í lẹ́yìn. Ìdúró yìí le, àgàgà fún ìyá tó ń yẹ íméèlì wò lóròòru, àmọ́ kò so ọmọ mọ́lẹ̀.

Early Decision II níbòmíràn, ìyẹn ìpele kejì fífi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ṣáájú sí yunifásítì kan ṣoṣo, yá ju èyí lọ. Oṣù Kejì lèsì ń dé. Ṣùgbọ́n ọmọ ti fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá gba òun, òun á lọ, láì tíì rí ẹ̀dínwó táwọn yunifásítì yòókù ìbá fún un. Fún ẹbí tí owó ilé-ìwé ń kọ lóminú, lẹ́tà ni mo fara mọ́.