Orúkọ mi ni, èmi kọ́

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé iṣẹ́ tó ń wádìí bóyá ẹni tó ń wáṣẹ́ ti ṣẹ̀ sófin rí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti fọ́ọ̀mù wọn, kò le rárá: orúkọ, ọjọ́ ìbí, gbogbo ibi tí mo ti gbé, mo buwọ́ lù ú, ó parí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń wá. Ọ̀gá ibẹ̀ ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àbájáde ìwádìí nìkan ló kù. Ọjọ́bọ̀ ni ímeèlì dé. Lójú ìwé kẹta ni mo ti rí ẹ̀sùn olè jíjà, orúkọ mi gàdàgbà lókè rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kà á, mo tún un kà, títí ojú mi fi bọ́ sórí ọjọ́ ìbí: ọdún 11 ni onítọ̀hún fi jù mí lọ. Orúkọ àárín tèmi ò sì sí níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún wọn, ta ló wò ó?

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1970, Fair Credit Reporting Act, ló jẹ́ kí n rí ìwé náà rárá. Kí agbanisíṣẹ́ tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀dà. Bí èèyàn bá ní àṣìṣe wà níbẹ̀, ọjọ́ 30 ni àwọn olùwádìí sábà máa ń ní láti tún un yẹ̀ wò. Obìnrin tó dá mi lóhùn nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ olùwádìí náà ka ọjọ́ ìbí méjèèjì sókè, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Òun ló ni ìràwọ̀ kejì.

Ọjọ́ 19 ni wọ́n fi yọ ẹ̀sùn náà kúrò lórúkọ mi. Iṣẹ́ ti bọ́. Àwọn arúgbó tó nílò ẹni tí yóò wẹ̀ wọ́n, tí yóò fún wọn lóúnjẹ, kò lè dúró dè mí.

Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mi yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ilé ẹjọ́ ti wọ́gi lé ẹjọ́ rẹ̀, ó wà nínú ìwé náà kedere. Síbẹ̀, ibi gbogbo tó bá ti wáṣẹ́ ni ẹ̀sùn yẹn lè ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, òfin kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ gbé e jáde mọ́ lẹ́yìn ọdún 7. Ọdún 7 láìjẹ̀bi!

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kí ẹ lo ilé iṣẹ́ ìwádìí yìí, ẹ kọ orúkọ àárín yín ní kíkún. Mo ti kọ̀wé béèrè bóyá wọ́n ti ń fi ọjọ́ ìbí wé orúkọ báyìí. Wọn ò tíì dáhùn.