Pẹ́ẹ̀nì 01 Nìkan Ò Tó: Àyẹ̀wò Ohun Èlò fún Ìpèníjà Ọnà Dúdú àti Funfun

Ohun tó wà nínú páálí Zentangle, ìyẹn ọ̀nà ìyàwòrán tí wọ́n ti ń fa ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn títí á fi di ọnà, ò pọ̀: pẹ́ẹ̀nì dúdú Pigma Micron tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 01, pẹ́ńsù, igi bébà tí wọ́n ká ṣonṣo fún fífi ra pẹ́ńsù, dáìsì olójú 20, àti bébà funfun onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní táìlì. Kò sí rọ́bà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé o. Rick Roberts àti Maria Thomas, àwọn méjì tó dá ọ̀nà ìyàwòrán yìí sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gbà pé ìlà tó bá wọ́ ò tíì bàjẹ́; ibi tó wọ́ sí yẹn ni kéèyàn ti máa bá a lọ. Ẹni tó kàn fẹ́ jókòó, kó máa fa ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn títí ọkàn rẹ̀ á fi rọlẹ̀, ohun tó wà nínú páálí yẹn tó o.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ìpèníjà àjọṣe ni, èyí tí gbogbo ẹni tó dára pọ̀ máa ya ọnà dúdú gbàǹgbà sórí funfun, tí wọ́n á wá to gbogbo rẹ̀ síbì kan kí ojú lè wò ó, ọ̀rọ̀ yí padà. Pẹ́ẹ̀nì 01 ò ní lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe, ohun tá a sì fẹ́ yẹ̀ wò níbí nìyẹn: kí ló dáa nínú páálí yìí, kí ló kù, ibo ló sì ti máa ń dà rú.

Ká kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yínyìn. Iléeṣẹ́ Sakura ní Japan ló ń ṣe Micron. Íńkì rẹ̀ kì í yọ́ mọ́ tó bá ti gbẹ. Omi ò lè ràn án, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í tètè ṣí i. Ìlà rẹ̀ máa ń dá létí, kì í ta gbòǹgbò wọnú bébà tó bá dáa. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló sì ń dá àwọn tó ń rà á láàmú, torí kì í ṣe mílímítà. 005 ń fa ìlà mílímítà 0.20, 01 ń fa 0.25, 05 ń fa 0.45, 08 ń fa 0.50. Ẹni tó bá rò pé 08 nípọn ju 01 lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ ti ṣì í. Ìlọ́po méjì péré ni.

Ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ó kéré, inú irin róbótó kan ló sì jókòó sí. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń fi bírò kọ̀wé sórí bébà mẹ́ta tó wà lórí ara wọn máa tì í wọnú irin yẹn, kò sì ní jáde mọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ìlà á máa já, ẹ ó sì máa gbọ́ tí irin ń họ bébà. Íńkì ṣì kún inú ẹ̀, àmọ́ pẹ́ẹ̀nì ti kú. Ẹ mú un nàró díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìwúwo pẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ fa ìlà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìlà nípọn sí i, ẹ pààrọ̀ pẹ́ẹ̀nì, ẹ má fi kún agbára.

Ìdí tí 01 ò fi tó wà nínú ìṣirò kékeré kan. Táìlì jẹ́ íǹṣì 3.5 níbùú lóròó, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 8.9. Ká ní ìdajì rẹ̀ ló máa dúdú. Ìyẹn á tó bí àpótí kéékèèké 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. 01 gbọ́dọ̀ fa ìlà 40 kó tó bo ẹyọ àpótí kan. Ẹ rò ó papọ̀: ìlà tẹ́ ẹ máa fà á gùn tó mítà 16, láìka ibi tí ìlà ti máa gun ara wọn. Pẹ́ẹ̀nì 08 á ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú mítà 8. Pigma Graphic 1, tó ń fa mílímítà kan, á ṣe é pẹ̀lú mítà 4. Ọwọ́ tó bá fi ẹnu tín-ín-rín fa mítà 16 á rẹ̀, tó bá sì ti rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bí pẹ́ẹ̀nì ṣe máa ń kú nìyẹn.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pẹ́ẹ̀nì méjì péré lẹ fẹ́ rà, ẹ ra 01 àti Graphic 1. Ẹ fi 08 sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, torí kò jìnnà tó sí 01. Pẹ́ẹ̀nì tí ẹnu rẹ̀ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì náà máa ń kun nǹkan kíákíá, ṣùgbọ́n létí ìlà ni àléébù rẹ̀ wà: ó rọ̀, tọ́wọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n báyìí, ó ti kọjá ààlà. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn ló lè lò ó.

Máàkì oní-sípíríìtì tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára páálí ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Á jáde lẹ́yìn bébà, á fẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ gbé e sí lọ, dúdú ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì di bíi àwọ̀ pọ́pù tó bá yá. Tẹ́ ẹ bá ní pẹ́ẹ̀nì dúdú kan nílé tẹ́ ò mọ irú íńkì tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi fa ìlà sórí àjákù bébà, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi ìka tútù nù ún kọjá. Tó bá rá, ẹ máa fi kọ̀wé, ẹ má fi wá sídìí ọnà.

Kíkun dúdú gan-an ní ìlànà tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dà bíi pé wọ́n kánjú ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi 01 fa etí ibi tó máa dúdú, kẹ́ ẹ fi 01 yẹn náà kun gbogbo kọ̀rọ̀ tó ṣonṣo. Ẹ dúró kó gbẹ. Ẹ wá mú èyí tó nípọn, kẹ́ ẹ kun àárín, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó dé etí. Ẹ fi bí ìdajì mílímítà sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 01 dí àlàfo yẹn. Ẹ fa gbogbo ìlà sí apá ibì kan náà. Tó bá gbẹ, ẹ gbé bébà síbi ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yí i díẹ̀díẹ̀: gbogbo àwọn ojú funfun wínníwínní tẹ́ ò rí tẹ́lẹ̀ á yọjú. Ìgbà yẹn lẹ máa kun ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà nígbà tó ṣì tutù, fọ́nrán bébà ló ń hú sókè. Fọ́nrán yẹn á lẹ̀ mọ́ ẹnu pẹ́ẹ̀nì, ìlà tó máa fà tẹ̀ lé e á nírun lára.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ bébà. Táìlì tí wọ́n ń tà jẹ́ bébà olówùú láti Fabriano ní Ítálì. Ó nípọn, ó rọ̀ lójú, pẹ́ńsù máa ń rà lórí rẹ̀ dáadáa. Bó ṣe rọ̀ yẹn náà ni ẹnu 005 fi máa ń há nínú rẹ̀, torí náà ẹ má lo ohun tó kéré ju 01 lọ lórí ẹ̀. Bébà Bristol tó ń dán lójú máa ń jẹ́ kí etí dúdú dá ṣáká bí ẹni fi abẹ gé e, fún ìpèníjà tí kò gba òjìji (àwọ̀ eérú tí wọ́n fi pẹ́ńsù rà) rárá, òun la fara mọ́ ju ti páálí lọ. Pẹ́ńsù ni kì í fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ nǹkan jáde nínú ẹ̀rọ, tó jẹ́ gíráàmù 80 (ìyẹn ìwúwo bébà náà tó bá jẹ́ mítà kan níbùú lóròó), ò wúlò fún èyí. Dúdú tó bá pọ̀ lójú kan á mú kó wú, kó sì ká. Ohunkóhun láti gíráàmù 200 sókè dáa, tẹ́ ẹ bá ti gé e sí ìwọ̀n táìlì. Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára bébà lọ, torí tí wọ́n bá to ti gbogbo èèyàn pa pọ̀, kò gbọdọ̀ sí èyí tó máa yọrí jáde.

Àwọn ọnà Zentangle ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba dúdú. Printemps, tó jẹ́ ìlà tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, kì í fi ibì kankan sílẹ̀ tẹ́ ẹ máa kun. Knightsbridge ló rọrùn jù: ẹ fa ìlà ìbú àti òró, kẹ́ ẹ kun àpótí kan, kẹ́ ẹ fo ìkejì. Igun tí àpótí dúdú méjì ti kan ara wọn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Tí dúdú wọn bá wọnú ara wọn, ojú á rí i láti òkèèrè.

Àmọ́ ọnà tá a máa gbé síwájú àwọn yòókù ni Hollibaugh. Ẹ fa ìlà méjì tó ń bára wọn rìn láti etí kan dé èkejì, bí ọ̀nà tó la àárín pápá kọjá. Ẹ fa ọ̀nà kejì kó gba abẹ́ èkíní: tẹ́ ẹ bá dé ibi tó ti kàn án, ẹ dúró, ẹ fò ó, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì bíi pé ìlà náà ò já. Ìkẹta á gba abẹ́ méjèèjì. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé mẹ́fà tàbí méje, kí ìbú wọn má ṣe dọ́gba. Àwọn àlàfo tó kù láàárín wọn lẹ máa wá kun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn kun ojú ọ̀nà kan, kó rò pé àlàfo ni. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ ò lè yọ ọ́ mọ́. Kẹ́ ẹ tó mú pẹ́ẹ̀nì tó nípọn, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sínú gbogbo àlàfo. Àmì yẹn á bọ́ sábẹ́ dúdú, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Àṣìṣe kejì ni kéèyàn máa kun bó ṣe ń ya á lọ. Ó dùn mọ́ni lóòótọ́, àmọ́ àyè tí ọ̀nà tuntun ì bá gbà kọjá ti lọ.

Crescent Moon náà dáa: ìlàjì òṣùpá dúdú tó tò sétí, tí ìlà ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká títí wọ́n fi pàdé láàárín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kun òṣùpá yẹn kí wọ́n tó fa ìlà. Tẹ́ ẹ bá lè mú sùúrù, ẹ fi kíkun rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, kọ́wọ́ má bàa gba orí dúdú tútù kọjá.

Ẹ fi funfun sílẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta táìlì. Funfun ló ń jẹ́ kí dúdú níyì. Tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ gbé táìlì síwájú, tẹ́ ẹ sì di ojú díẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ ṣì mọ ọnà tó wà níbẹ̀. Tó bá ti di eérú lójú yín, ìlà tín-ín-rín ti pọ̀ jù.

Ní ti òjìji, ẹ ka àṣẹ ìpèníjà dáadáa. Àwọn kan ò gba àwọ̀ eérú rárá. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńsù gorí dúdú, torí á máa dán bí irin, dúdú yín á sì ṣí. Funfun lásán ni kẹ́ ẹ fi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀nà kan ti wọ abẹ́ òmíràn.

Pẹ́ẹ̀nì funfun oní-jẹ́ẹ̀lì ò sí lára ohun tá a kà níbẹ̀rẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ó nílò rẹ̀. Gelly Roll funfun 08, ti iléeṣẹ́ Sakura kan náà, ń fa ìlà tó tó mílímítà 0.4. Orí dúdú ló máa ń jókòó sí, kì í wọnú bébà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè gbẹ. Tí kò bá jáde, fọ́nrán tàbí íńkì tó ti gan ló dí i lẹ́nu. Ẹ yí i róbótó lórí àjákù bébà títí á fi ṣí. Àtúnṣe etí tó wọ́ àti àmì tíntìntín lórí dúdú ló wúlò fún. Kò lè sọ ibi tó gbòòrò di funfun padà.

Àwòrán tẹ́ ẹ máa yà fi ránṣẹ́ ló kù. Tí wọ́n bá fún un mọ́ píksẹ́lì 500 níbùú (píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú fóònù), ìlà 01 á fi díẹ̀ ju píksẹ́lì kan lọ, ìlà mílímítà kan á sì ní ju márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó fani mọ́ra lọ́wọ́ fi máa ń di eérú lójú fóònù. Tẹ́ ẹ bá ní skáńnà, 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan, á fún yín ní píksẹ́lì 1050 níbùú, ó tó. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, ẹ pa fíláàṣì, torí jẹ́ẹ̀lì àti pẹ́ńsù á dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di eérú: tí funfun bá pọ̀ lórí táìlì, ẹ fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, tí dúdú bá pọ̀, ẹ fà á sílẹ̀ títí dúdú á fi dúdú.