Ẹ̀rọ Agbóòórùn Epo Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Iṣẹ́ Tó Ṣe Fún Mi àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ibi tí òórùn bẹntiróòlù ti ń jáde nínú ọkọ̀ ojú omi mi, kí n tó ra ẹ̀rọ agbóòórùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọkọ̀ kékeré ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀, táǹkì epo sì wà lábẹ́ pákó tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè pààrọ̀ fíìtà epo, ó pààrọ̀ rọ́bà tó so fíìtà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, òórùn náà kò sì lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀rọ ni mo nílò ni pé imú ènìyàn kò ṣeé gbára lé fún irú iṣẹ́ yìí. Bí mo bá wọ inú ọkọ̀ láàárọ̀, òórùn epo á kọlù mí nímú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí n kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Kì í ṣe pé ó ti lọ, ó ti mọ́ imú lára ni. Ewu ibẹ̀ kò sì kéré. Bẹntiróòlù tó ti di afẹ́fẹ́ wúwo tó ìlọ́po 3 sí 4 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà kì í fò lọ sókè, ńṣe ló máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ bí omi, á sì jókòó síbẹ̀. Bí ó bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, tí sítátà tàbí wáyà bátìrì wá ta iná bíńtín, ó ti tó láti mú un bú gbàù.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lọ. Ó ní ọrùn gígùn tó ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wù wá, orí ọrùn náà ni sẹ́ńsọ̀ wà. Bí gáàsì tó lè gbiná bá wà níwájú rẹ̀, á máa dún tọ́, tọ́, tọ́, bí ó bá sì ṣe ń sún mọ́ ibi tí gáàsì náà ti pọ̀ ni dídún rẹ̀ á máa yára sí i. Kì í fi nọ́ńbà kankan hàn, èyí kò sì dùn mí, torí pé ibi tí epo ti ń jáde ni mo ń wá, kì í ṣe bí ó ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo ṣe àṣìṣe kan tí mo fẹ́ kí ẹlòmíràn yẹra fún. Mo ti orí rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro níbi gbogbo, lápá ọ̀tún, lápá òsì, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kò parọ́, ibi tí epo ti kóra jọ ló ń sọ fún mi, kì í ṣe ibi tí ó ti ń wá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ṣí gbogbo ìdérí sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ gba inú ọkọ̀ kọjá dáadáa, mo tan ẹ̀rọ náà lórí èbúté níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, mo jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀, kí n tó gbé e wọlé.

Mo ti ṣàkíyèsí ohun kan ṣáájú: ìgbà tí mo bá rọ epo kún táǹkì dé ẹnu ni òórùn náà máa ń le jù, bí epo bá sì ti lọ sí ìdajì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé òkè ni epo ti ń jáde, kì í ṣe ìdí táǹkì. Nítorí náà mo rọ epo kún un, mo wá ń gbé orí ẹ̀rọ náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ìdí fíìtà, kò dún. Níbi tí wọ́n ti de ohun tó ń wọn epo mọ́ orí táǹkì, kò dún. Lára rọ́bà tí táǹkì fi ń mí síta, ó dún lẹ́ẹ̀mejì péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ ọrùn rẹ̀ wọ ẹ̀yìn pákó, níbi tí rọ́bà ńlá tí à ń rọ epo gbà ti sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ihò epo, dídún rẹ̀ yára débi pé kò ṣeé kà mọ́.

Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Ó mú mi dé ìdí rọ́bà náà, kò lè fi ojú ihò gan-an hàn mí. Aṣọ funfun tó mọ́ ni mo fi parí iṣẹ́: mo fi nu rọ́bà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì jáde lọ gbóòórùn aṣọ náà níta. Apá tó kọjú sí ògiri ọkọ̀, tí ojú ènìyàn kò lè rí, ló rùn. Nígbà tí mo fi dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì wò ó, rọ́bà náà ti sán yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí gìgísẹ̀ ẹni tó pẹ́ lóko, kílíìpù kan ṣoṣo tó dì í mú sì ti dípẹtà. Rọ́bà tuntun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ní àkọlé SAE J1527 A1-15 lára, tó túmọ̀ sí pé ó lè fara da iná fún ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀, àti pé epo tó lè gba ara rẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 15 lọ fún mítà onígun mẹ́rin kan láàárín wákàtí 24. Kílíìpù méjì ni mo fi dè é ní orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù. Kì í mọ bẹntiróòlù yàtọ̀ sí ọtí tàbí ọ̀dà: lọ́jọ́ kan tí mo fi sanitáísà nu ọwọ́, ọwọ́ mi ló ń pariwo sí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo dísù kò ní rí èrè púpọ̀ nínú rẹ̀, torí pé dísù kì í tètè di afẹ́fẹ́. Èyí tó ká mi lára jù ni pé kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n ṣe é fún ibi tí gáàsì tó lè bú ti kún. Nítorí náà, bí òórùn bá le, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ẹ má sì tan ẹ̀rọ náà nínú ọkọ̀ rárá. Kò lè rọ́pò fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ ikùn ọkọ̀ jáde, èyí tó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán kí á tó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì.

Síbẹ̀, màá tún un rà bí ó bá sọnù. Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rọ́bà náà, mo rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, mo ti ọkọ̀ pa mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé orí ẹ̀rọ náà sí ẹ̀yìn pákó kan náà, lẹ́yìn náà mo gbé e dé ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, mo sì dúró pẹ́. Kò dún rárá.