Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí sísọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù níbi iṣẹ́: ẹ̀kọ́ náà dára, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló tú wa fó

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ wa gba àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan láti wá kọ́ wa bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa sọ ohun tó bá rí, kó béèrè ohun tí kò yé e, kó sì jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ láìbẹ̀rù pé wọn yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí kí wọ́n fìyà jẹ òun. Ohun tí wọ́n tà fún wa ni ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa yóò dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, àti àbẹ̀wò kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ náà tó owó rẹ̀. Ẹjọ́ fọ́ọ̀mù náà ni mo wá rò.

Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìwúrí bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì wù mí. Ìwádìí tí Amy Edmondson, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, tẹ̀ jáde ní 1996 nípa àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú wa. Ó ti rò pé àwọn ikọ̀ nọ́ọ̀sì tí àárín wọn gún ni àṣìṣe wọn yóò kéré, àmọ́ òdìkejì ni àkọsílẹ̀ fi hàn. Àlàyé tó rí sí i ni pé àwọn ikọ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ń sọ tiwọn síta ni, nígbà tí àwọn yòókù ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Akọ̀wé ìṣirò kan béèrè bóyá ó yẹ ká wá fojú mìíràn wo ẹ̀ka wa tí kì í ní àṣìṣe kankan nínú ìròyìn oṣooṣù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àpẹẹrẹ kejì tí wọ́n mú wá, ti Challenger, ọkọ̀ tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfurufú, kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà túká sójú òfurufú ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986, tí ènìyàn 7 sì kú, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà kò dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: wọ́n kìlọ̀ pé òtútù lè ba òrùka rọ́bà tó dí ojú ìsopọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà jẹ́, àwọn ọ̀gá wọn ló yí ìmọ̀ràn náà padà. Ọ̀rọ̀ etí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn tó ń kọ́ wa kò sì dá ẹ̀kọ́ kankan yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀gá.

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni mo rí ohun tí mo lè pè ní iṣẹ́ gidi. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ béèrè ẹni tó ti rí ohun tí kò tọ́ lóṣù náà tí kò sì sọ, gbogbo wa sì dákẹ́ débi pé ìró ẹ̀rọ amúlétutù nìkan là ń gbọ́. Ó wá dojú ìbéèrè náà kọ ọ̀gá wa fúnra rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, “Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn yẹn láìka ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin lẹ bá mi tún un ṣe.” Ẹni tó kéré jù nínú wa bá nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni.” Ọ̀gá ti ń sọ pé, “Kí ló dé tí o kò…” kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dá a dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, sà.” Ó sì dúpẹ́.

Ìbéèrè 7 tí Edmondson lò ní 1999 ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Mẹ́ta nínú wọn dorí kodò, bí èyí tó sọ pé ó ṣòro láti tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn tí a jọ wà nínú ikọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kàn ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìkà á yóò tako ara rẹ̀. Ó dára títí débẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀ka, ọdún téèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kún un, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ sójú pátákó ní ẹ̀ka-ẹ̀ka níṣojú gbogbo wa. Àwa mẹ́rin la wà ní ẹ̀ka tiwa. Obìnrin kan ṣoṣo ni kò tíì pé ọdún méjì. Kò sí orúkọ lóòótọ́, àmọ́ ta ni kò lè kà dé mẹ́rin? Orí yí sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó nawọ́ lọ́jọ́sí. A ṣáà ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi la ẹnu rẹ̀ nínú ìpàdé.

Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fèsì ní ọjọ́ kejì láìjanpata. Wọ́n yọ ìbéèrè ọdún àti ti akọ-n-bábo kúrò, wọ́n sì ní àwọn kò ní í fi èsì ẹ̀ka tí kò bá pé ènìyàn 10 hàn mọ́. Màá ṣì ní kí ẹ rà á, kìkì pé kí ẹ ka fọ́ọ̀mù wọn tán kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀gá jọ sọ́tọ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Nígbà àbẹ̀wò, ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù tuntun náà han òun ná. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tún padà sókè, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.