Àyẹ̀wò Tẹmómítà Oníwáyà Gígùn Tí Mo Ń Lò ní Lake Mendota

Àwọn apẹja àti àwọn tó ń kọ́ nípa omi ni wọ́n ṣe tẹmómítà yìí fún. Wáyà rẹ̀ gùn tó mítà 30, òjé kékeré kan ló ń fa orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àpótí tó sì ń fi iye hàn wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀. Lake Mendota, ní ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ti ń lò ó. Ibi tó jìn jù nínú adágún náà kò ju nǹkan bí mítà 25 lọ, nítorí náà wáyà yìí tó o dáadáa.

Kí n tó gbé e lọ sójú omi, mo da yìnyín wẹ́wẹ́ àti omi pọ̀ sínú ife, mo rò ó, mo sì ki orí wáyà náà bọ̀ ọ́. Òdo ló yẹ kó kọ, 0.1 ló kọ, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀.

Nínú oṣù keje, ojú omi jẹ́ 24°C, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí wáyà fi dé nǹkan bí mítà 8. Láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bí mo ṣe ń tú wáyà sílẹ̀, nígbà tó sì dé mítà 15, 12°C ló kù. Omi gbígbóná fúyẹ́, ó sì léfòó lórí omi tútù bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀, débi pé atẹ́gùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lágbára tó láti pò wọ́n pọ̀. Ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀ máa ń tán pátápátá nígbà yìí, nítorí náà apẹja tó bá ju ìwọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ìgbà ìwọ́wé ni tẹmómítà yìí mú inú mi dùn jù. Ojú omi ti tutù díẹ̀díẹ̀, ó sì ti wúwo, títí tó fi bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, ìjì kan ṣoṣo sì tó láti yí gbogbo adágún náà po. Ní òpin oṣù kẹwàá, nọ́ńbà kan náà ni mo rí láti òkè dé ilẹ̀. Ọ́síjìn ti padà sísàlẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ewéko inú omi dàgbà, tó ti kó jọ síbẹ̀ sì ti gòkè wá. Lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́ nígbà ìrúwé, omi náà á tún dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí Edward Birge àti Chancey Juday, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa adágún, wọn ohun kan náà lórí adágún yìí. Ohun ìwúrí gbáà ni pé ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n lónìí.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sí mítà kọ̀ọ̀kan lára wáyà náà ti ń ṣí, nítorí náà mo ti fi òwú aláwọ̀ so àwọn ibi tó ṣe pàtàkì. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí nọ́ńbà náà tó dúró sójú kan, ẹni tó bá sì kánjú á kọ irọ́ sílẹ̀. Bí òtútù bá mú gan-an, bátìrì rẹ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì, àfi kéèyàn fi àpótí náà sínú kóòtù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ kó rí i pé ó ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá hàn. 4°C ni omi máa ń wúwo jù, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ìwúwo omi 24°C àti ti 25°C fi nǹkan bí ìlọ́po 30 ju èyí tó wà láàárín 4°C àti 5°C lọ. Lábẹ́ yìnyín, níbi tí omi ti wà láàárín òdo àti 4, tẹmómítà tó ń kọ odidi nọ́ńbà nìkan kò ní sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un.